Nínú kíláàsì fencing, ẹsẹ̀ ló ń ṣáájú idà

Fencing ni eré ìdárayá tí ẹni méjì ti ń fi idà bá ara wọn jà. Ẹni tó bá wọ gbọ̀ngàn rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó rò pé kíá ni wọ́n máa fi idà lé òun lọ́wọ́, á ní sùúrù díẹ̀. Ẹsẹ̀ ni olùkọ́ sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú á kọjú sí alátakò, ti ẹ̀yìn á yà sí ẹ̀gbẹ́, gìgísẹ̀ méjèèjì á wà lórí ìlà kan, orúnkún á tẹ̀. Bí a bá ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ iwájú ló ń kọ́kọ́ gbéra. Bí a bá ń padà, ti ẹ̀yìn ni. Ó jọ eré ọmọdé, títí itan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tí ọmọ tó ń sáré kiri gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan á sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Àlàfo tó wà láàárín ẹni méjì ni gbogbo eré yìí dá lé. Olùkọ́ á na ìbọ̀wọ́ kan síwájú, á jù ú sílẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ na apá, kó ta ẹsẹ̀ iwájú jáde, kó gbá a mú kó tó kan ilẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ kó tó na apá kì í sábà bá a. Bó bá di ojú ìjà, onítọ̀hún ló ń gbé àyà ara rẹ̀ lọ bá ṣóńṣó idà ẹlòmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé idà, ó gbọ́dọ̀ wọṣọ. Ìbòjú onírin wíwun wà, pẹ̀lú aṣọ tó nípọn lábẹ́ àgbọ̀n tó bo ọ̀fun. Jákẹ́ẹ̀tì wà, àti ààbò abẹ́ apá. Ọwọ́ tó di idà mú nìkan ló ń wọ ìbọ̀wọ́. Ṣóńṣó idà kò mú, ṣùgbọ́n irin lè ṣẹ́. Ní Róòmù lọ́dún 1982, irin tó ṣẹ́ la ìbòjú Vladimir Smirnov, eléré fencing ọmọ Soviet Union, kọjá, ó sì gbẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú òfin lórí irin, ìbòjú àti aṣọ le sí i. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ kì í fi í gbójú fo ẹni tó bá na idà sí ẹni tí kò wọ ìbòjú.

Oríṣi idà mẹ́ta ló wà. Épée lè ba gbogbo ara, láti orí dé ẹsẹ̀, kó sì gba ayò. Sabre ń gba ayò láti ìbàdí sókè, ẹnu idà náà sì wúlò níbẹ̀. Foil ni ọ̀pọ̀ kíláàsì fi ń bẹ̀rẹ̀: kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 500 lọ, àyà, ikùn àti ẹ̀yìn nìkan ló sì ń gba ayò. Òfin foil ló máa ń da orí akẹ́kọ̀ọ́ rú. Bí ẹni méjì bá ba ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ na apá láti kọlu èkejì ló ni ayò. Ẹni tí wọ́n kọlù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá idà yẹn dànù, ìgbà náà ni ẹ̀tọ́ láti kọlu tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Pẹ̀lú épée, kò sí àríyànjiyàn: bí àwọn méjèèjì bá ba ara wọn pa pọ̀, kálukú gba tirẹ̀.

Ọmọdé ń lo irin tó kúrú, nígbà mìíràn idà oníke. Àgbàlagbà tí kò lè sáré mọ́ kò pàdánù púpọ̀ tó bí èèyàn ṣe rò. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró lè fi ìkánjú ọ̀dọ́ gba ayò.

Ìjà kúkúrú máa ń parí ní ayò 5 tàbí ìṣẹ́jú 3. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń tan iná bí idà bá ba ẹnìkan, ẹni tí wọ́n bà ló máa ń jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n á ṣí ìbòjú, wọ́n á fi idà kí ara wọn, wọ́n á sì fi ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ bọ ara wọn lọ́wọ́. Fún ọ̀pọ̀ wọn, òsì ni.