Igbó Tijuca

Igbó Tijuca jẹ́ igbó orí òkè tó wà láàárín ìlú Rio de Janeiro ní orílẹ̀-èdè Bràsíl. Ó wà lára àwọn igbó tí wọ́n kọ́kọ́ tún gbìn ní ilẹ̀ olóoru. Apá kan ni ó jẹ́ nínú Ọgbà Orílẹ̀-èdè Tijuca, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1961, tó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 3,950 hẹ́kítà. Òkè Corcovado, níbi tí ère Jésù Olùràpadà wà, wà nínú ọgbà náà.

Ìtàn

Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n ti ń ṣán igbó náà láti fi dá oko kọfí, wọ́n sì ń gé igi rẹ̀ fún ìdáná àti èédú. Nígbà tí orí òkè di pápá, odò Carioca àti Maracanã, tí ará ìlú ń pọn, bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ọ̀dá 1844 ló mú kí ìjọba ronú àtigba ilẹ̀ ìsun omi lọ́wọ́ àwọn olóko. Ní 1861, lábẹ́ Ọba Pedro Kejì, àṣẹ jáde pé kí wọ́n gbin igi síbẹ̀ padà. Nítorí omi ni, kì í ṣe nítorí gẹdú.

Manuel Gomes Archer ló darí iṣẹ́ náà títí di 1874. Àwọn ẹrú mẹ́fà ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe é: Eleutério, Constantino, Manuel, Mateus, Leopoldo àti Maria. Iye igi tí wọ́n gbìn kò bára mu lọ́dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé, àmọ́ ó lé ní 60,000 dáadáa, igi ìbílẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo igbó òní ni wọ́n fọwọ́ gbìn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló hù fúnra rẹ̀ láti ara igbó tó ṣẹ́ kù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Baron d'Escragnolle, tó gbapò Archer, la ọ̀nà síbẹ̀, ó sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Omi àti ilẹ̀

Ewé igi ń gba ipá òjò, ewé jíjẹrà ń fa omi mu, gbòǹgbò sì ń di ilẹ̀ mú kí ó má baà ya lulẹ̀.

Ẹranko

Igi padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹranko kò padà. Èyí ṣe pàtàkì ju bí a ṣe máa ń kà á sí lọ, nítorí igi tí kóró rẹ̀ tóbi kò lè rìn jìnnà láìsí ẹni tí yóò gbé e. Láti 2010 ni àwọn onímọ̀ ti ń dá cutia padà síbẹ̀, ẹranko kan tó jọ òkété, àmọ́ tí kò ní ìrù gígùn. Cutia máa ń ri kóró mọ́lẹ̀ de ìgbà ọ̀wọ́n. Èyí tó bá gbàgbé ni yóò hù. Ní 2015, wọ́n dá ọ̀bọ kan padà tí igbe rẹ̀ ń dún dé ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti pòórá níbẹ̀. Ó ń gbé èso mì, yímíyímí sì ń yí ìgbẹ́ rẹ̀ tòun ti kóró wọ inú ilẹ̀. Ìjàpá tẹ̀ lé e ní 2020.

Jaca, ìbátan afọ̀n tó wá láti Íńdíà, ti gbilẹ̀ nínú igbó náà débi pé ó ń fún igi ìbílẹ̀ pa. Cutia náà ń jẹ kóró rẹ̀, nítorí náà kò rọrùn láti sọ bóyá ó ń dín in kù ni tàbí ó ń bá a tàn kálẹ̀.

Ẹ̀sìn

Àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tó ti ilẹ̀ Áfíríkà dé Bràsíl, máa ń gbé ẹbọ òrìṣà lọ sí ìdí omi tó ń já láti orí àpáta nínú igbó náà.