Bí Ọ̀pá Ìdarí Ẹ̀rọ Oko Ṣe Di Ohun Tí À Ń Fi Ara Èèyàn Wọ̀n

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Alábàtà kọjá l'Ábẹ́òkúta, níbi tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ wà, tí ẹ sì rí katakata tó dúró, ẹ wo orí àwọn ọ̀pá tó wà nítòsí awakọ̀ dáadáa. Àwọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nínú ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé, pupa ni èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì, àwọ̀ ọsàn ni ti ìrìn ọkọ̀, yẹ́lò ni ti irin tó ń gbé agbára lọ sára ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn.

Àtètèkọ́ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Fordson jáde ní 1917, irin lásán ni ìjókòó rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yí ẹ́ńjìnnì kó tó dáhùn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oko sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé ogun ti kó àwọn ọkùnrin lọ. Àwọn kan nínú wọn wa katakata, àwọn ló sì ní láti bá ẹ̀rọ mu.

Inú ọkọ̀ òfuurufú ogun ni nǹkan ti yí padà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, awakọ̀ B-17, ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ǹbù, á balẹ̀ láyọ̀, àfi kó ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọlé, ọkọ̀ á sì fi ikùn lélẹ̀. Àṣìṣe awakọ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Alphonse Chapanis, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, yẹ ibi tí wọ́n ń jókòó sí wò, ó sì rí i pé ọ̀pá tó ń ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti èyí tó ń darí ìyẹ́ rẹ̀ wà nítòsí ara wọn, wọ́n tún jọra bí ìbejì. Ó ní kí wọ́n fi nǹkan tó rí bíi táyà sórí ọ̀kan, kí wọ́n fi èyí tó rí bí ìyẹ́ sórí èkejì, kí ọwọ́ lè mọ̀ wọ́n láìwò. Ibẹ̀ ni mo ka ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí: ẹnì kan gbà pé ẹ̀bi lè wà lára ọ̀pá, kó má sí lára ẹni tó dì í mú.

Ní 1952, Gilbert Daniels, onímọ̀ kan lọ́dọ̀ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde àyẹ̀wò ìwọ̀n ara awakọ̀ òfuurufú 4,063 jáde. Nínú ìwọ̀n 10 tó yàn, kò rí ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo rẹ̀ bọ́ sí àárín. Ìjókòó gbọ́dọ̀ máa sún nìyẹn. Ẹni tí apá rẹ̀ kúrú jù ló yẹ kó sọ ibi tí ọ̀pá máa wà, ẹni tó ga jù ló sì yẹ kó sọ bí àyè ẹsẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó.

Henry Dreyfuss, ayàwòrán ohun èlò tó bá John Deere, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe katakata, ṣiṣẹ́ láti 1937, ló gbé irú èrò yìí wọ oko. Ní 1955 ó tẹ àwòrán ọkùnrin kan àti obìnrin kan jáde pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀yà ara wọn. Dókítà obìnrin kan, Janet Travell, sì dá sí bí ìjókòó katakata tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde ní 1960 ṣe máa rí.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kilọ́ọ̀ṣì ṣì ń retí ẹsẹ̀ ọkùnrin. Lápapọ̀, agbára apá obìnrin máa ń tó nǹkan bí ìdajì ti ọkùnrin tàbí kó lé díẹ̀. Ti ẹsẹ̀ kò jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti obìnrin ṣì kéré. Àwọn onímọ̀ ní Bhopal, ní Íńdíà, ló ṣe ohun tó wú mi lórí jù: wọ́n wọn ara àgbẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin káàkiri orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009, kí ẹni tó ń rọ ẹ̀rọ má baà máa méfò.

Lọ́dọ̀ tiwa, láti Ọ̀dẹ́dá dé Ọbáfẹ́mi-Owódé, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nídìí gàrí, fùfú àti láfún. Àwọn wẹ́dà wa ló sábà ń jó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tí wọ́n fi ń fún un, nítorí náà ọwọ́ wa ni àtúnṣe wà. Bí ọwọ́ jáàkì tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́ bá gùn ní ìlọ́po méjì, agbára tí ìyá á fi tì í á dín sí ìdajì. Bó bá nípọn ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè ká lọ, á máa yọ̀. Kí wẹ́dà tó gé irin, kó ní kí ẹni tó máa lò ó dúró, kó fi téèpù wọn ìgúnpá rẹ̀ láti ilẹ̀, kí ẹnu ẹ̀rọ má ga ju ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí ọ̀nà tí ẹ̀gẹ́ ń gbà wọlé jìn tó tí ìka kò fi ní kan eyín ẹ̀rọ.