Bí fèrè rẹfirí kan ṣe lè da eré rọ́gbì rú

Lójú ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ láwọn ilé ìwòran Súrùlérè, fèrè tó ń dunni ni èyí tí rẹfirí bá fun lẹ́nu ilé. Ti rọ́gbì yàtọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnìkan dá nítòsí àárín pápá lè di àmì 3, torí pé alátakò lè gba pẹ́nárítì: ó lè gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ níbẹ̀, kí ó gbá a gba àárín òpó méjèèjì kọjá. Bí òpó bá jìnnà jù, wọ́n á gbá a síta nítòsí ìlà ìparí pápá, àwọn náà ló sì máa tún jù ú wọlé. (Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó gbá a síta ti fi ta alátakò lọ́rẹ nìyẹn.)

Ìparí eré ló ti ń le jù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ní kọtafáìnà Ife Àgbáyé ní Twickenham, Scotland ń fi 34 sí 32 na Australia, eré sì ti fẹ́ parí. Bọ́ọ̀lù ta síwájú lára ọmọ Scotland kan, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà níwájú sì gbá a mú. Rẹfirí Craig Joubert ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀, ó fún Australia ní pẹ́nárítì. Bernard Foley gbá a wọlé: 35 sí 34. Lọ́jọ́ kejì, World Rugby, àjọ tó ń darí rọ́gbì lágbàáyé, sọ pé ọmọ Australia kan ti fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà kó tó dé ọwọ́ ẹni yẹn, pé scrum ló yẹ kí rẹfirí fún Australia. Scrum ni kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì wọnú ara wọn, kí wọ́n máa fi èjìká ti ara wọn láti gba bọ́ọ̀lù, kì í ṣe àmì ọ̀fẹ́: bọ́ọ̀lù á jẹ́ ti Australia, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣì ní láti fi èjìká jà kí wọ́n tó rí àmì kankan. Fídíò wà, àmọ́ òfin ìgbà yẹn kò jẹ́ kí rẹfirí lò ó fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èsì kò yí padà.

Kò sì sí ká rọ̀gbà yí rẹfirí ká. Balógun ẹgbẹ́ ló lè bá a sọ̀rọ̀. Bí àwọn yòókù bá ń ráhùn, rẹfirí lè sún pẹ́nárítì síwájú ní mítà 10, kí èyí tí kò lè dé òpó tẹ́lẹ̀ wá dé e. Ìbínú á wá bí àmì tí ìpinnu fúnra rẹ̀ ò lè bí.

Káàdì tún burú jù. Yẹ́lò ń yọ ẹnìkan kúrò fún ìṣẹ́jú 10; àwọn 14 tó kù á máa sáré dí àlàfo, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Ní sẹ́mi fáìnà Ife Àgbáyé 2011, balógun Wales, Sam Warburton, gba káàdì pupa kí eré tó pé ogún ìṣẹ́jú. Òfin wà lẹ́yìn rẹfirí, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀, torí 9 sí 8 ni Faransé fi borí.