Àtẹ̀gùn Dà? Bí A Ṣe Ń Wo Iṣẹ́ Àwọn Tí Wọ́n Pè Síbi Ìjíròrò Ńlá

Iṣẹ́ ìlàjà ni mò ń ṣe. Tí ìjà ogún, ìjà ilẹ̀ tàbí ìjà òwò bá ti sú àwọn tó ń jà á, tí wọn kò sì fẹ́ kó di ti kóòtù, àwa ni wọ́n máa ń pè. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ní Ìbàdàn fẹ́ pín ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ẹbí pe àgbà mẹ́ta láti bá wa jókòó: lọ́yà kan, ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti àbúrò ìyá wọn tó jẹ́ bíríkìlà. Lọ́yà ń sọ̀rọ̀ ìwé ìhágún. Ọ̀gá ilé ìwé ń rán wọn létí pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò: ẹ̀gbọ́n á mú òkè, àbúrò á mú ìsàlẹ̀. Ó ku ká kọ ọ́ sílẹ̀. Bíríkìlà tí kò tíì sọ ju "ẹ kúu jókòó" lọ láti àárọ̀ wá fi ìka kan àwòrán ilé tó wà lórí tábìlì, ó ní, "Àtẹ̀gùn dà?"

Inú pálọ̀ ìsàlẹ̀ ni àtẹ̀gùn ilé náà ti gbéra. Ẹni tó bá mú òkè kò ní lè dé yàrá rẹ̀ láìgba àárín pálọ̀ àbúrò rẹ̀ kọjá, tàárọ̀ talẹ́, tòun ti ìyàwó, ọmọ àti àlejò. Ká ní a buwọ́ lu ìwé náà lọ́jọ́ yẹn, ìjà tuntun ni a ó fi ọwọ́ ara wa kọ. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àtẹ̀gùn mìíràn sí ẹ̀yìn ilé kí a tó wá parí ọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti fún mi ní orúkọ àwọn tó fẹ́ wá jókòó síbi ìjíròrò, kékeré tàbí ńlá, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa bèèrè nìyẹn, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ ti àwọn èèkàn tí ẹ ń gbọ́ orúkọ wọn nínú ìròyìn. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á ní àpérò àgbáyé kan ń bọ̀, wọ́n á wá to orúkọ: ààrẹ tẹ́lẹ̀rí ibí, mínísítà tẹ́lẹ̀rí ọ̀hún, ọ̀jọ̀gbọ́n lágbájá. Atọ́kùn ètò á ka ìtàn ìgbésí ayé wọn, èrò á pàtẹ́wọ́. "Tẹ́lẹ̀rí" kì í ṣe iṣẹ́. Àga tí ẹnìkan ti jókòó lé rí ni ó ń sọ, kò sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Iṣẹ́ tí ènìyàn fi ogún ọdún kọ́ ló ń pinnu ohun tí ojú rẹ̀ á tètè rí lórí tábìlì, àti ohun tí ojú rẹ̀ á fò.

Ìjíròrò tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni ti Kẹ́ńyà ní ọdún 2008, nítorí pé gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí ló hàn kedere níbẹ̀. Wọ́n dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2007. Àjọ elétò ìdìbò kéde pé Mwai Kibaki ló wọlé, àwọn Raila Odinga tó bá a díje ní ojoro ni. Ìlú gbiná. Àwọn tó kú lé ní 1,000, àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé wọn sì ju 300,000 lọ. Àgbà ń wọlé, àgbà ń jáde: Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu lọ, John Kufuor tó jẹ́ ààrẹ Gánà àti alága Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà nígbà náà lọ, iná kò kú. Àjọ náà wá gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta dìde: Kofi Annan ọmọ Gánà, Benjamin Mkapa ọmọ Tàǹsáníà, àti Graça Machel ọmọ Mozambique.

Àwọn mẹ́ta yìí, ẹ jẹ́ ká yọ oyè lára wọn ná.

Gbogbo ayé ló mọ Annan sí ọ̀gá àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, láti 1997 dé 2006. Ṣùgbọ́n ní 1962, nígbà tó wọ iṣẹ́ ní àjọ ìlera àgbáyé ní Geneva, ètò ìnáwó ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé, ó tún padà lọ kọ́ nípa ìṣàkóso iṣẹ́ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀ ní 1972. Inú ọ́fíìsì ni ọkùnrin yìí ti gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ṣe ní Nairobi. Ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ló gúnlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù Kejì, ó ti mú kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbà sí orí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí wọn yóò jíròrò lé lórí, àti èyí tí yóò ṣáájú: kí pípa ara ẹni dúró, kí ìrànlọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, kí wọ́n wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá kan àwọn nǹkan tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, bí ilẹ̀, ìṣẹ́ àti ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù. Ìwé kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí á dá ọwọ́ yẹn mọ̀.

Mkapa ṣe ààrẹ Tàǹsáníà fún ọdún mẹ́wàá, láti 1995 dé 2005. Kó tó dé ìdí ìyẹn, akọ̀ròyìn ni, ó sì ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn. Ní 1976, ó tún wá ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ níhìn-ín ní Nàìjíríà. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti ṣe olóòtú rí wúlò gan-an nínú yàrá ìlàjà, nítorí ó mọ bí gbólóhùn kan ṣe máa dún létí ẹni tí kò sí nínú yàrá náà. Machel ní tirẹ̀ ti ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Mozambique láti 1975 títí di 1989, òun náà ló sì darí ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 1996 lórí ohun tí ogun ń ṣe fún àwọn ọmọdé. Ohun tí ojú tirẹ̀ wá rí ní Kẹ́ńyà ni àwọn obìnrin. Ó rọ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ibẹ̀ pé kí wọ́n fi ẹ̀yà àti ẹgbẹ́ òṣèlú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní, wọ́n gbé ohun tí wọ́n fẹ́ wá síwájú ìgbìmọ̀ náà ní àkọsílẹ̀.

Iṣẹ́ tó gbé ènìyàn dé ibi àpérò tún lè lé e kúrò níbẹ̀ o. Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà.

Annan fẹ́ kí Cyril Ramaphosa jẹ́ olórí onílàjà tí yóò máa bá àwọn aṣojú méjèèjì jókòó lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ka ìwé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní wá ẹlòmíràn. Ó kọ́ òfin. Òun ni akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn awakùsà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 1982, òun ló sì ṣáájú wọn nínú ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1987. Òun ni ẹgbẹ́ òṣèlú ANC tì síwájú nígbà tí wọ́n ń bá ìjọba aláwọ̀ funfun dúnàá-dúrà. Ní 2000, òun àti Martti Ahtisaari, ààrẹ Finland tẹ́lẹ̀rí tó jẹ́ pé iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ kọ́, ni wọ́n lọ yẹ ibi tí IRA, ẹgbẹ́ oníhámọ́ra ibẹ̀, kó ohun ìjà pamọ́ sí wò ní Ireland. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣèlú, Ramaphosa ti bọ́ sínú òwò. Ẹ̀gbẹ́ Kibaki ní òwò pa Ramaphosa àti Odinga pọ̀. Ramaphosa ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, ó yọwọ́, ó sì padà sílé.

Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò tako ìmọ̀ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ wa, kò dìgbà tí ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bá jóòótọ́ kó tó ba nǹkan jẹ́. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti ń wò ọ́ bí ẹni tó ti jẹun nínú àwo ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ lẹ́nu rẹ á máa dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Nítorí náà, tí ẹ bá ń ka ìtàn iṣẹ́ àwọn tí wọ́n pè, ẹ má dúró níbi ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ẹ wo ilé iṣẹ́ tí wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀, ẹ wo àwọn tí wọ́n bá dówò pọ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé náà, nígbà tí ojú ti rẹ ẹni tó ń kà á.

Àwọn tó ṣojú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ńkọ́? Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n. Lọ́dọ̀ Kibaki: Martha Karua, lọ́yà tó ti ṣe adájọ́ májísíréètì rí, Mutula Kilonzo, lọ́yà, Moses Wetang'ula, lọ́yà, àti Sam Ongeri, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtọ́jú àwọn ọmọdé. Lọ́dọ̀ Odinga: James Orengo, lọ́yà; Sally Kosgei, onímọ̀ ìtàn tó ti ṣe olórí òṣìṣẹ́ ìjọba; Musalia Mudavadi, tó kọ́ nípa ọrọ̀ ajé ilẹ̀; àti William Ruto, tó kọ́ nípa ewéko àti ẹranko, tó sì di ààrẹ ní 2022. Lọ́yà mẹ́rin nínú ẹni mẹ́jọ. Kì í ṣe pé mo ń bú lọ́yà, àwọn ló ń bá wa kọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní lè yí padà lọ́la. Ṣùgbọ́n orí òfin gan-an ni ọ̀rọ̀ há sí: ṣé wọn yóò kọ ipò olórí ìjọba (prime minister) tí wọ́n fẹ́ fún Odinga sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, àbí ààrẹ ni yóò máa yọ̀ǹda agbára fún un bó bá ṣe wù ú? Lọ́yà sí lọ́yà lórí ọ̀rọ̀ báyìí, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á tún mọ́. Gbogbo àwọn mẹ́jọ sì ni olóṣèlú. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó wá láti inú àgọ́ àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé.

Annan gbìyànjú láti pa ojú wọn dà. Ní àárín oṣù Kejì, ó kó wọn kúrò ní Nairobi lọ sí ilé ìtura Kilaguni, nínú ọgbà ẹranko Tsavo, ó sì pe Gernot Erler wá, mínísítà kan láti ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti Jámánì. Ẹgbẹ́ òṣèlú Erler wà nínú ìjọba àjùmọ̀ṣe tí òun àti ẹgbẹ́ tó ń bá a díje dá sílẹ̀ ní 2005, irú èyí tí wọ́n ń wá fún Kibaki àti Odinga. Kò wá kọ́ ẹnikẹ́ni ní òfin. Ohun tó ń bá a lálejò lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló wá ròyìn.

Ó ṣì há. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì, Annan dá ìjíròrò àwọn mẹ́jọ dúró. Ní ọjọ́ 28, ẹni márùn-ún ló wọlé jókòó: Kibaki, Odinga, Annan, Mkapa, àti Jakaya Kikwete, ààrẹ Tàǹsáníà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ẹ jẹ́ ká ka iṣẹ́ wọn. Kibaki ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé rí ní yunifásítì Makerere ní Uganda. Odinga jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, Jámánì ló ti kọ́ ọ. Annan, òṣìṣẹ́ àjọ àgbáyé. Mkapa, akọ̀ròyìn. Kikwete kọ́ ọrọ̀ ajé, ó sì wà nínú iṣẹ́ ológun títí di 1992. Kò sí lọ́yà kankan láàárín àwọn márààrún. Hans Corell, ọmọ Sweden tó ti jẹ́ olórí agbẹjọ́rò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wà lára àwọn tó ń gba ìgbìmọ̀ náà nímọ̀ràn, nítorí náà òfin kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè la ọ̀rọ̀ yé Kibaki jù lọ ni Kikwete, nítorí pé orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ní ààrẹ, ó sì ní olórí ìjọba, kò sì sí ohun tó dín nínú agbára tirẹ̀. Ààrẹ ló ń bá ààrẹ sọ̀rọ̀, láti inú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n buwọ́ lùwé níwájú Harambee House, ọ́fíìsì ààrẹ, Odinga sì di olórí ìjọba ní oṣù Kẹrin.

Tí ìròyìn bá ní "aṣojú orílẹ̀-èdè", ẹ bèèrè irú èyí tí ó jẹ́. Àwọn kan wà tí ààrẹ fi ipò náà dá lọ́lá lẹ́yìn ìbò. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé inú iṣẹ́ náà ni wọ́n ti fọmọdé dàgbà. Nígbà tí Annan kúrò ní Nairobi ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan ni wọ́n fa ìjíròrò náà lé lọ́wọ́: Alàgbà Olúyẹmí Adéníjì. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Nàìjíríà tẹ́lẹ̀rí ni ìròyìn pè wọ́n, òótọ́ sì ni, láti 2003 dé 2006. Ṣùgbọ́n irú aṣojú kejì yẹn ni baba náà. Ọ̀rọ̀ dídín ohun ìjà kù ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Wọ́n wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí àdéhùn Pelindaba, èyí tó ní kí bọ́ǹbù átọ́míìkì má wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n sì ṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Sierra Leone nígbà tí wọ́n ń gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn jàgùnjàgùn ibẹ̀. Iṣẹ́ tí kì í yá, iṣẹ́ tí ènìyàn á jókòó ka gbólóhùn kan náà fún oṣù mẹ́ta, ló mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ti padà sílé nígbà tí wọ́n gbé èyí tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọjọ́ 1 oṣù Kejì síwájú wọn: ilẹ̀, ìṣẹ́, àti ìwé òfin orílẹ̀-èdè.