Símfónì Dante tí Liszt kọ: ta ló ní kò parí?

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ orin ọkẹ́sítírà pé Franz Liszt, olórin ọmọ Hungary, ò parí Símfónì Dante. Wọ́n á ní apá mẹ́ta ni ewì Dante, akéwì Ítálì àtijọ́ tí orin náà dá lé lórí, ní: ọ̀run àpáàdì, Pọ́gátórì (ibi tí wọ́n ti ń wẹ ọkàn mọ́ lẹ́yìn ikú) àti Párádísè. Wọ́n á ní méjì péré ni símfónì ní, pé Wagner, olórin ọmọ Jámánì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Liszt, ló sì dá a lẹ́kun ẹ̀kẹta. Àmọ́ Liszt fúnra rẹ̀ darí orin náà ní Dresden, ní Jámánì, lọ́dún 1857. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1859, ó fi ta Wagner lọ́rẹ, kò sì kú títí di 1886. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gùn tó láti fi ohun tó bá kù kún un.

Lẹ́tà kan ni wọ́n máa ń dì mú. Ní June 1855, Liszt kọ̀wé sí Wagner ní Lọ́ńdọ̀nù pé símfónì náà yóò jẹ́ alápá mẹ́ta: ohun èlò nìkan ni yóò dún nínú méjì àkọ́kọ́, akọrin yóò wọlé nínú ẹ̀kẹta. Wagner fèsì pé ọkàn òun balẹ̀ lórí ọ̀run àpáàdì àti Pọ́gátórì, àmọ́ Párádísè ń kọ òun lóminú. Iyèméjì nìyẹn, kì í ṣe àṣẹ. Ẹ sì wo ibi tí àwọn akọrin náà wọlé sí: Liszt kó wọn lọ sí ìparí Pọ́gátórì. Lẹ́yìn tí ẹkún ìrònúpìwàdà bá ti rọlẹ̀, ohùn obìnrin tàbí ti ọmọdékùnrin á gbé Magnificat, orin Màríà tí àwọn Áńgílíkà wa ń kọ nínú ìsìn ìrọ̀lẹ́, "Ọkàn mi yin Olúwa lógo." Liszt fẹ́ kí àwọn akọrin yìí fara pa mọ́ fún àwùjọ. Nígbà tí wọ́n bá dé Hosanna, ohùn ìsàlẹ̀ á máa gbé odidi ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láìsí ààbọ̀ ohùn kankan láàárín, débi pé etí ò ní mọ ohùn tó jẹ́ ilé, èyí tí orin máa ń padà sí, mọ́. Ẹnu ọ̀nà Párádísè ni Liszt gbé wa dúró sí.

Ó ṣeé ṣe kí ìdàrúdàpọ̀ tó kù wá láti inú ìparí méjì tó wà nínú ìwé orin. Èkíní ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pa rẹ́. Èkejì, tí olùdarí lè mú tàbí kó fi sílẹ̀, ń pariwo. Ọmọba Carolyne zu Sayn-Wittgenstein, olólùfẹ́ Liszt, fẹ́ràn aláriwo, Wagner ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gbọ́ èyí tó rọlẹ̀ lè rò pé wọ́n gé nǹkan kúrò.

Mi ò ní sọ pé lẹ́tà Wagner ò tì í síbì kan. Ó jọ pé ó tì í. Àmọ́ ẹni tó yí ètò rẹ̀ padà ti parí iṣẹ́, ètò mìíràn ló fi parí i.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà tó yọ akọrin kúrò, tàbí tó gbé ọ̀run àpáàdì nìkan jáde. Ibẹ̀ ni nǹkan ti dín kù lóòótọ́. Ẹ̀yin tó bá sì fẹ́ darí rẹ̀, ẹ fi igbákejì olùdarí sọ́dọ̀ àwọn akọrin, nítorí ohùn tó ti ẹ̀yìn wá máa ń pẹ́ dé. Ẹ gbé harmonium (dùùrù kékeré tí afẹ́fẹ́ ń mú dún) tí Liszt kọ sínú orin náà sún mọ́ wọn, kí ohùn wọn má baà wálẹ̀ kí ọkẹ́sítírà tó dara pọ̀ mọ́ wọn.