Irú Ọ̀rọ̀ Wo Ló Ń Mú Ènìyàn Yan Oúnjẹ Tó Sàn Jù?

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé ká jẹ ewébẹ̀ àti èso dáadáa, ká dín iyọ̀ àti ṣúgà kù, ká má sì jẹ ẹran ní àjẹjù, nítorí ara wa àti nítorí ayé tí à ń gbé inú rẹ̀. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ? Síbẹ̀, ohun tó wà nínú àwo kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń wádìí ohun tó fà á láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ohun tí wọ́n sì rí jìnnà sí ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìpolongo ìlera ń ṣe.

Ṣé kì í ṣe àìmọ̀ ló ń da àwọn ènìyàn láàmú? Bí a bá là wọ́n lóye, ṣé wọn ò ní yí padà?

Ì bá dára tó bá rí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ewébẹ̀ tó tó gíráàmù 400 ó kéré tán lójúmọ́, kí iyọ̀ tó ń jẹ má sì tó gíráàmù 5. Àìmọye ènìyàn ló mọ irú ìmọ̀ràn yìí lórí, àmọ́ kò dé inú ìkòkò wọn. Ní 2006, Thomas Webb àti Paschal Sheeran kó àbájáde ìdánwò 47 jọ. Wọ́n rí i pé bí ọ̀rọ̀ bá tiẹ̀ yí ìpinnu ènìyàn padà gan-an, díẹ̀ ni ìwà rẹ̀ fi ń yí. Èèyàn lè pinnu látọkàn wá lálẹ́, kó ṣe òdìkejì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Ẹ wo bó ṣe ń rí nídìí oúnjẹ. Èèyàn wà lórí ìlà, tírè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ebi ń pa á, àwọn mìíràn tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń bu oúnjẹ ti gbé ìgbakọ dání, ó ń wò ó lójú pé kí ló fẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ní láti fèsì. Ta ló máa ń ronú nípa àrùn ọkàn tó lè ṣe é ní ogún ọdún sí i nírú àkókò bẹ́ẹ̀? Ohun tó bá ti rí lójú rẹ̀ bí ohun tó máa dùn ni yóò nàka sí. Ọ̀rọ̀ tó bá máa ràn án lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ bá a níbẹ̀ gan-an, kó sì bá ebi tó ń pa á mu.

Ní 2020, Romain Cadario àti Pierre Chandon fi ọ̀pọ̀ ìdánwò wéra. Wọ́n pín ọ̀nà tí à ń gbà darí ènìyàn sí oúnjẹ tó dára sí mẹ́ta: èyí tó ń kọ́ni, èyí tó ń mú kí oúnjẹ wuni, àti èyí tó ń mú kó rọrùn láti bù. Èyí tó ń kọ́ni ni agbára rẹ̀ kéré jù. Agbára èyí tó ń mú un wuni tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ti èyí tó ń mú un rọrùn sì lé ní ìlọ́po mẹ́ta.

Kí ló dé tí "ó ń ṣe ara lóore" kì í fa ènìyàn mọ́ra?

Torí pé lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, oúnjẹ tó dára fún ara kò lè dùn. Rajagopal Raghunathan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní 2006: oúnjẹ tí wọ́n bá ní kò dára fún ara ni àwọn ènìyàn máa ń kà sí èyí tó dùn jù, títí kan àwọn tó ní àwọn kò gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di 2016, Bradley Turnwald, Danielle Boles àti Alia Crum dán nǹkan kan wò nínú ilé oúnjẹ kan ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Fún ọjọ́ 46, wọ́n ń yí àkọlé ewébẹ̀ kan padà lójoojúmọ́. Bí wọ́n ṣe ń sè é kò yí, bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ kò yí. Ká ní kárọ́ọ̀tì ni wọ́n sè. Lọ́jọ́ kan, "kárọ́ọ̀tì" lásán ni wọ́n kọ. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n kọ ọ́ pé omi ọsàn ara rẹ̀ kò ní ṣúgà. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n pè é ní àṣàyàn ọlọ́gbọ́n tó ní fítámì C. Nígbà tó tún yá, ó di kárọ́ọ̀tì lílọ́ tí omi ọsàn ń dán yinrin lára rẹ̀.

Àkọlé tó kẹ́yìn yìí ló gbé iwájú. Àwọn tó bu ewébẹ̀ fi ìdá 25 nínú 100 pọ̀ ju ìgbà tí orúkọ rẹ̀ lásán wà níbẹ̀. Ó fi ìdá 35 ju ti fítámì lọ, ó sì fi ìdá 41 ju ti àìní ṣúgà lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n bù náà pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí 41 yẹn díẹ̀. "Kò ní ṣúgà", "kò lọ́ràá", "iyọ̀ rẹ̀ kéré": irú rẹ̀ ló kún ara páálí oúnjẹ àti ara ògiri ilé ìwòsàn. Ohun tí a mú kúrò nínú oúnjẹ ni a ń ròyìn fún ẹni tí ebi ń pa. Mo gbà pé ọkàn rere ni àwọn tó ń kọ ọ́ fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn.

Ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn nìyẹn, kéèyàn kàn fi orúkọ ṣe oúnjẹ lọ́ṣọ̀ọ́?

Bí orúkọ náà bá jẹ́ irọ́, ẹ̀tàn ni, kò sì ní pẹ́ tú. Ní 2019, àwọn olùwádìí náà tẹ àbájáde mìíràn jáde láti yunifásítì márùn-ún. Iye ìgbà tí àwọn ènìyàn yan oúnjẹ níbẹ̀ lé ní 130,000. Àkọlé tó sọ adùn tún borí: ó fi ìdá 29 ju ti ìlera lọ, ó sì fi ìdá 14 ju orúkọ lásán lọ. Àmọ́ ibi tí oúnjẹ ti dùn lóòótọ́ ló ti ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ aládùn sórí ewébẹ̀ tó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tí kò sí òórùn tàbí iyọ̀ lára rẹ̀, ń kọ́ àwọn ènìyàn pé irọ́ ló wà lórí àkọlé. Tó bá dìgbà mìíràn, wọn ò ní kà á.

Òṣùwọ̀n tí mo ń lò nìyí: bí ẹni tí mo fẹ́ yí lọ́kàn padà bá mọ gbogbo ohun tí mo ṣe, ṣé yóò bínú? Ẹni tí mo sọ fún pé kárọ́ọ̀tì yìí dùn, tó sì tọ́ ọ wò tó dùn, kò ní ìdí láti bínú.

Ìdẹ́rùbà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Láti 1966 ni Jack Brehm ti ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá rí i pé wọ́n fẹ́ gba òmìnira kan lọ́wọ́ òun, ṣe ló máa ń rọ̀ mọ́ ọn. Kim Witte fi kún un ní 1992 pé ẹ̀rù lè wúlò bí ẹni tí a ń kìlọ̀ fún bá gbà pé nǹkan wà tí òun lè ṣe sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kàn di etí rẹ̀ ni. Tí ìkìlọ̀ bá pọn dandan, ẹ fi ohun tó lè ṣe lónìí tì í.

Ṣé ó ṣeé ṣe ká lo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe láti fi yí ènìyàn lọ́kàn padà?

Ó ṣeé ṣe, ó sì lágbára, àmọ́ ó ní ewu tirẹ̀. Ìwà tí a fẹ́ kí àwọn ènìyàn hù kì í sábà jẹ́ ti ọ̀pọ̀ èrò. Tí ẹ bá sọ fún mi pé ìdá 30 nínú 100 ló ń dín ẹran kù, ẹ ti sọ fún mi pé 70 kò ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn 70 ni màá sì wà.

Gregg Sparkman àti Gregory Walton rí ọgbọ́n dá sí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017. Wọ́n fún àwọn tó fẹ́ ra oúnjẹ ọ̀sán nílé oúnjẹ kan ní Stanford ní ọ̀rọ̀ kékeré kan kà. Àwọn kan kà pé ìdá 30 àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbìyànjú láti dín ẹran jíjẹ kù. Àwọn mìíràn kà pé láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá, ìdá 30 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, 17 nínú 100 ló ra oúnjẹ tí kò lẹ́ran. Nínú àwọn ti ìkejì, 34 ni.

Iye kan náà ni wọ́n kà. Ọ̀kan sọ ibi tí nǹkan dúró sí, èkejì sọ ibi tí nǹkan ń lọ. Ẹni tó bá gbọ́ pé àwọn ènìyàn bíi tòun ti ń yí padà yóò rò pé a jẹ́ pé kò nira tó bí òun ṣe rò, a jẹ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rí. Nínú gbogbo ìwádìí tí mo ń sọ yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù, torí ó fi hàn pé kò dìgbà tí àwọn tó ń ṣe ohun kan bá pọ̀ ká tó lè sọ òtítọ́ tó lágbára nípa wọn. Ó sì bà mí nínú jẹ́ pé òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpolongo ń ṣe: wọ́n á máa ké pé àwọn ènìyàn ò jẹ ewébẹ̀ mọ́, pé ẹran ni gbogbo ayé ń jẹ. Ẹni tó gbọ́ ìyẹn ti mọ̀ pé òun kò dá wà, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ìlera ni ká sọ̀rọ̀ lé lórí ni, àbí ayé tó ń gbóná?

Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ló máa sọ. Òtítọ́ ni pé oúnjẹ kó ipa ńlá nínú bí ayé ṣe ń gbóná. Joseph Poore àti Thomas Nemecek ṣírò rẹ̀ ní 2018 pé nínú gbogbo afẹ́fẹ́ olóoru tí ọwọ́ ènìyàn ń tú sójú sánmà, nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 ló ti ìdí oúnjẹ wá. Bí a bá fi iye purotéènì wọn wéra, èyí tó ń jáde nídìí màlúù tí wọ́n ń sìn fún ẹran lé ní ìlọ́po 50 ti ẹ̀wà àti àwọn ìbátan rẹ̀.

Kì í ṣe ohun tí ojú lásán ń rí nìyí. Adrian Camilleri àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2019 pé iye afẹ́fẹ́ olóoru tí àwọn ènìyàn ń fojú bù pé oúnjẹ ń tú jáde kéré sí bó ṣe rí gan-an. Nígbà tí wọ́n wá fi iye ìṣẹ́jú tí gílóòbù iná fi ń tàn ṣàlàyé rẹ̀ lára ọbẹ̀ inú agolo, àwọn tó ń rà á sún sọ́dọ̀ èyí tó fúyẹ́ fún ayé. Níbi tí àìmọ̀ bá ti wà lóòótọ́, ìlanilóye ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ èmi ò fara mọ́ kíkó gbogbo ìdí jọ sójú kan, àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ti ojú ọjọ́, àti ti ẹranko. Ọ̀kan tó bá ẹni náà mu ti tó. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe ya oúnjẹ tí kò lẹ́ran sọ́tọ̀ bíi pé àwọn kan ló ni ín, torí ẹni tó ń jẹ ẹran yóò fojú fò ó.

Ṣé ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n ló yẹ kó ti jáde?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ kí àwọn ìdílé máa se ọkàn àti kíndìnrín ẹran, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ rí. Kurt Lewin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, pín àwọn obìnrin tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún Red Cross sí ẹgbẹ́ kéékèèké. Àwọn kan gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dára, tó sọ ti ogun, ti oúnjẹ aṣaralóore àti ti owó. Àwọn mìíràn jókòó, wọ́n jọ sọ ohun tó lè dí irú àwọn bí tiwọn lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ àti ojú tí ọkọ yóò fi wò ó, wọ́n sì nawọ́ níkẹyìn láti fi hàn bóyá àwọn máa gbìyànjú. Nínú àwọn tó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìdá 3 nínú 100 péré ló se èyí tí wọn kò sè rí. Nínú àwọn tó jọ sọ̀rọ̀, ìdá 32 ni. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìṣòro rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì nawọ́, ti bẹ̀rẹ̀ ná.

Ṣé ọ̀rọ̀ nìkan tó?

Rárá. Emma Garnett àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ oúnjẹ tó lé ní 94,000 tí wọ́n tà láwọn ilé oúnjẹ Yunifásítì Cambridge wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2019. Níbi tí oúnjẹ tí kò lẹ́ran ti jẹ́ ìdajì ohun tó wà ńlẹ̀ dípò ìdá kan nínú mẹ́rin, títà rẹ̀ fi ìdá 41 sí 79 nínú 100 pọ̀ sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Lórílẹ̀-èdè Chile, láti oṣù kẹfà 2016, òfin ní kí oúnjẹ inú páálí tí ṣúgà, iyọ̀, ọ̀rá tàbí kálórì rẹ̀ (ìyẹn agbára tí oúnjẹ ń fún ara) bá ti pọ̀ jù ní àmì dúdú lára. Ríra ohun mímu tí àmì náà kàn fi nǹkan bí ìdá 24 nínú 100 dín kù. A ò lè ní àmì nìkan ló ṣe é, torí òfin náà tún ká ìpolówó fún ọmọdé àti títà nílé ìwé lọ́wọ́ kò. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé àmì náà kúrú, kò bá ẹnikẹ́ni wí, ibi tí ọwọ́ ti ń mú ọjà ló wà, àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì kà á: ọ̀pọ̀ wọn dín ṣúgà àti iyọ̀ kù kí àmì má bàa kan ọjà wọn.

Bí mo bá fẹ́ kọ àkọlé sí ilé oúnjẹ ibi iṣẹ́ tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ náà wò. Ẹ wá ohun kan tó dùn mọ́ni lóòótọ́ nínú rẹ̀, bóyá òórùn rẹ̀, bó ṣe ń ró lẹ́nu, tàbí ohun tí wọ́n fi sè é, kẹ́ ẹ kọ ìyẹn ní gbólóhùn kan. Ẹ gbé oúnjẹ náà síwájú, níbi tí ọwọ́ ti máa kọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye iyọ̀ inú rẹ̀ lè rí i lápá ìsàlẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké. Bí àwọn tó ń bù ú bá ń pọ̀ sí i lóòótọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ń pọ̀ sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wá fi àkọlé náà sí i lọ́sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ yọ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì, kẹ́ ẹ tún dá a padà, kẹ́ ẹ sì máa wọn ewébẹ̀ tó jáde àti èyí tó kù. Ẹ má bi àwọn ènìyàn bóyá àkọlé náà wù wọ́n, torí wọ́n á ní ó wu àwọn. Bí ìwọ̀n tí wọ́n ń bù kò bá yàtọ̀, ọ̀dọ̀ alásè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ padà sí.