Tí a bá dín èéfín kù, kí ló dé tí ayé ṣì ń gbóná?

"Lọ́dún 2020 tí kòrónà dé, gbogbo èèyàn tilẹ̀kùn mọ́rí, ọkọ̀ òfurufú wà nílẹ̀, ojú títì dá páropáro. Kí ló wá dé tí ooru ò lọ sílẹ̀? Ṣé kì í ṣe pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ pé gáàsì inú èéfín ló ń mú ayé gbóná yìí?" Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí àìmọye ìgbà, mi ò sì lè bá ẹni tó bi í jà torí ó mọ́gbọ́n dání gan-an. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ìbéèrè: Gáàsì wo gan-an lẹ̀ ń sọ?

Ìdáhùn: Àwọn gáàsì tó ń há ooru mọ́ ayé ni. Oòrùn á ràn, ilẹ̀ àti omi á gba ooru ẹ̀, wọ́n á tún máa tú u padà sókè, àwọn gáàsì yìí ni kì í jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ ráyè jáde. Tí wọn ò bá sí rárá, ayé ì bá tutù bíi yìnyín, torí náà wọn ò burú o, àpọ̀jù wọn ló burú. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni káábọ̀n dáyọ́ksáìdì, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní CO2, mẹ́téènì ló tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tàná. Lọ́dún 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Eunice Foote gbé ìgò méjì sínú oòrùn, afẹ́fẹ́ lásán wà nínú ọ̀kan, CO2 wà nínú ìkejì. Ti CO2 gbóná ju ti ìkejì lọ, nígbà tó sì gbé e kúrò nínú oòrùn ó pẹ́ gan-an kó tó tutù.

Ìbéèrè: Wọ́n ní lítà epo kan ń tú CO2 tó ju kílò méjì lọ jáde. Báwo ni ohun tí ò tó kílò kan ṣe máa bí kílò méjì?

Ìdáhùn: Èyí rú èmi náà lójú nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lítà pẹtiróòlù kan ò ju nǹkan bíi kílò 0.75 lọ, àmọ́ tó bá jó tán, CO2 tó jáde tó kílò 2.3. Kò sí idán ńbẹ̀. Tí epo bá ń jó, káábọ̀n kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ẹ̀ máa di ọ́síjìn méjì mú látinú afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n káábọ̀n jẹ́ 12, ti ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 16, ẹ ṣírò ẹ̀, 44 ló máa fún yín. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà wọlé ló pọ̀ jù nínú ẹrù yẹn. Tẹ́ ẹ bá da lítà mẹ́wàá sí táńkì, kílò 23 ló máa gba ìdí ọkọ̀ jáde, kò láwọ̀, kò lóòórùn. Èéfín dúdú tí gbogbo wa ń rí yẹn kì í ṣe òun rárá, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi kà á sí nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ó yá, ẹ dáhùn ti ọdún 2020 yẹn.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká fi gbèsè ṣàlàyé ẹ̀. Ẹnì kan ń yá 100 lóṣooṣù, 50 lagbára ẹ̀ ká láti san padà, gbèsè ẹ̀ ń fi 50 lé sí i lóṣooṣù. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀, ó gbọ́, ó wá ń yá 95. Ṣé ó gbìyànjú? Ó gbìyànjú. Ṣé gbèsè ẹ̀ ti dín kù? Rárá o, ó ṣì ń fi 45 lé sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2020 gan-an nìyẹn. CO2 tí gbogbo ayé tú jáde fi nǹkan bíi 5 nínú 100 dín kù, tẹ́ ẹ bá sì fi tọ́ọ̀nù kà á, kò tíì sí ọdún kan tó já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀ à ṣì ń yá. Òkun, igbó àti ilẹ̀ ló ń bá wa san, wọ́n ń fa nǹkan bí ìdajì ohun tá à ń tú jáde, ìdajì tó kù á wá jókòó sínú afẹ́fẹ́. Charles Keeling, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn CO2 lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958, ó bá nǹkan bíi 315 nínú mílíọ̀nù kan. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ láyé, 280 ni. Ní báyìí ó ti kọjá 420, lọ́dún 2020 náà ńkọ́, ṣe ló tún gòkè sí i. Ooru ò mọ̀ pé a yá díẹ̀ lọ́dún yìí, àròpọ̀ gbèsè ló mọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé asán wá ni gbogbo wàhálà yìí?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Tí CO2 tá à ń tú jáde bá wálẹ̀ débi tí kò ju èyí tí àwa fúnra wa ń kó padà kúrò nínú afẹ́fẹ́ lọ, ooru ò ní máa gòkè mọ́, ibi tó bá dé náà ló máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí. Ohun tó dùn mí ni pé kò ní yára wálẹ̀ padà, torí CO2 kì í tètè lọ, apá kan nínú ẹ̀ máa ń lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìyẹn ló jẹ́ kí ibi tá a bá dúró sí ṣe pàtàkì.

Ní Paris lọ́dún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé ooru ò gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n Celsius 2 ju ti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ, kí wọ́n sì gbìyànjú kó má kọjá 1.5. Ọdún 2024 fúnra ẹ̀ ti kọjá 1.5, àwọn kan gbọ́ ọ wọ́n ní ó ti parí. Àkọ́kọ́, ọdún kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n fi ń ṣèdájọ́ ẹ̀, ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni. Èkejì, 1.7 dáa ju 2 lọ. Àwọn iyùn tó ń hù nísàlẹ̀ òkun, tí ẹja ń fi ṣelé, tí ooru bá dúró sí 1.5, nǹkan bíi 70 sí 90 nínú 100 ló máa lọ sí i, tó bá di 2, ó lé ní 99. Ìyàtọ̀ 0.5 péré rèé!

Ìbéèrè: Èwo la lè tètè rí èrè ẹ̀?

Ìdáhùn: Mẹ́téènì. Tá a bá fi ogún ọdún wò ó, tọ́ọ̀nù kan ẹ̀ ń há ooru tó nǹkan bí ìlọ́po 80 ti CO2, àmọ́ nǹkan bí ọdún méjìlá ló ń lò láfẹ́fẹ́. Tá a bá dí i lónìí, àwa fúnra wa la máa rí àǹfààní ẹ̀. Ó ń jò níbi kànga epo àti páìpù gáàsì, ó ń jáde látinú ààtàn, màlúù náà ń gùfẹ̀ ẹ̀ jáde (ẹnu ló ń gbà jù o, kì í ṣe ìdí bí wọ́n ṣe máa ń sọ). Ti páìpù ló ń bí mi nínú jù torí ọjà tó ṣeé tà ni wọ́n ń jẹ́ kó fẹ́ lọ. Lọ́dún 2021, níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Glasgow nílẹ̀ Scotland, ó lé ní ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè tó ṣèlérí pé àwọn máa fi 30 nínú 100 dín in kù kó tó di 2030. Ẹnu dùn ún ròfọ́ ṣá.

Ìbéèrè: Ká kúkú máa gbin igi?

Ìdáhùn: Ẹ gbìn ín, ó dáa. Àmọ́ igi tó bá jó tàbí tó jẹrà á dá èyí tó pọ̀ nínú CO2 tó ti fà mọ́ra padà sínú afẹ́fẹ́, nígbà tí káábọ̀n inú èédú àti epo rọ̀bì ti wà nínú ilẹ̀ fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àwa la lọ wú u jáde.

Ìbéèrè: Mọ́tò oníná ńkọ́? Ṣebí wọ́n á ṣì sun nǹkan níbì kan kí iná tó wá?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni níbi tó bá jẹ́ èédú ni wọ́n ń sun, ìdí nìyẹn tí iná fúnra ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ yí padà, owó páńẹ́ẹ̀lì sólà sì ti já wálẹ̀ gan-an láàárín 2010 sí 2020, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Àmọ́ ẹ gbé ọwọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò elépo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ẹ máa rí i bó ṣe ń jó yín lọ́wọ́. Ooru yẹn lára epo tẹ́ ẹ rà ni, kò yí táyà kankan. Ohun tó ń bá ooru lọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì ju ìdajì epo lọ dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé nínú mọ́tò oníná, èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó wà nínú bátìrì ló ń dé ìdí táyà.